Orí Kẹta: Òǹkà Méjì Tó Ń Bí Méjì — Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìdènà àti Agbára Iná

Ìyá aránṣọ kan gbé áyọ́ọ̀nù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Kò gbóná mọ́. Bùbá kan ṣoṣo ni mo ti ń lọ láti àárọ̀." Ọmọ iṣẹ́ mi ti nawọ́ mú sukurudíráfà. Ó fẹ́ tú áyọ́ọ̀nù náà kí ó pààrọ̀ irin agbóná inú rẹ̀, ìyá ìbá sì sanwó irin tuntun. Mo ní kó fi sílẹ̀ ná. A so ó mọ́ iná ṣọ́ọ̀bù wa, a wọn nǹkan méjì péré, a ṣírò nǹkan méjì, ọ̀rọ̀ sì yé wa: kò sí ohun tó ṣe áyọ́ọ̀nù. Iná àdúgbò ìyá ni kò kún.

Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ yín kò ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá ti mọ fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì, ìdènà àti agbára kò lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí kò ní máa tú ohun tí kò bàjẹ́, kò sì ní máa di ẹrù ru wáyà tí kò lè rù ú.

Orúkọ mẹ́rin tó yẹ kí ẹ dì mú

Ẹ ti rí ẹni tó ń fi rọ́bà fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá gbé kẹ́ẹ̀gì sókè sí i, epo a túbọ̀ yára. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń ka àwọn wọ̀nyí:

- Fólítéèjì (V) ni ohun tó ń ti iná lọ, bí gíga kẹ́ẹ̀gì ṣe ń ti epo. Fólítì la fi ń wọ̀n ọ́n. Fólítì 230 ni wọ́n ṣètò iná ilé sí ní Nàìjíríà.
- Kọ́rẹ́ǹtì (I) ni iná tó ń kọjá gan-an, bí epo tó ń gba inú rọ́bà kọjá. Áńpù (A) la fi ń wọ̀n ọ́n.
- Ìdènà (R) ni ohun tó ń fa iná sẹ́yìn. Rọ́bà tó tín-ín-rín, tó gùn, tàbí tí ẹnìkan tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín kò ní jẹ́ kí epo ráyè. Ómù (Ω) la fi ń wọ̀n ọ́n.
- Agbára (P) ni bí iṣẹ́ tí iná ń ṣe ṣe yára tó, yálà ooru ni, ìmọ́lẹ̀ ni, tàbí yíyí fáànù. Wáàtì (W) la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ómù gba orúkọ rẹ̀ lára Georg Simon Ohm, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ àgádágodo. Ìlú Erlangen ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1789. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní Cologne nígbà tó ń fi wáyà dán oríṣiríṣi nǹkan wò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1827. Ohun tó rí ni pé bí wáyà kan kò bá yí padà, tí gbígbóná rẹ̀ kò sì yí padà, kọ́rẹ́ǹtì inú rẹ̀ a máa tẹ̀lé fólítéèjì ní ẹsẹ̀ kan náà. Sọ fólítéèjì di ìlọ́po méjì, kọ́rẹ́ǹtì náà a di ìlọ́po méjì. Òfin méjì tí a ó fi jẹun nínú orí yìí nìyí, ti àkọ́kọ́ ló sì wá láti ibẹ̀:

Ìdènà = Fólítéèjì ÷ Kọ́rẹ́ǹtì (R = V ÷ I)
Agbára = Fólítéèjì × Kọ́rẹ́ǹtì (P = V × I)

Bí a ṣe ń wọn òǹkà méjì àkọ́kọ́

Mítà méjì ni ẹ nílò: mọ́tímítà tó ní okùn pupa àti dúdú, àti mítà ẹlẹ́nu ẹ̀mú, èyí tó ń gbá wáyà mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Àwọn mítà kan pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

1. Ẹ wo mítà kí ẹ tó wo iná. Okùn dúdú gbọ́dọ̀ wà nínú ihò tí wọ́n kọ COM sí, kí okùn pupa wà nínú èyí tí wọ́n kọ VΩ sí. Bí okùn pupa bá ṣì wà nínú ihò 10A tí ẹ sì fi í kan iná ilé láti wá fólítéèjì, ẹ ti so ojú iná méjèèjì pọ̀ mọ́ra nìyẹn. Mítà náà lè bú lójú yín.

2. Ẹ yí mítà sí V tó ní àmì ìgbì (~), ní iye tó ga ju 230 lọ dáadáa, bíi 600 tàbí 750. Ẹ má fi ìka kan irin ẹnu okùn.

3. Fún kọ́rẹ́ǹtì, wáyà kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ẹnu ẹ̀mú gbá mú. Bí ẹ bá gbá gbogbo okùn mú pọ̀, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ a pa ara wọn rẹ́, mítà a sì kọ 0 bí ẹni pé iná kò sí. Àwa tọ́jú ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kúkúrú kan fún iṣẹ́ yìí. A la awọ òde rẹ̀, a ya wáyà mẹ́ta inú rẹ̀ sọ́tọ̀, a kò sì fi ọ̀bẹ kan awọ tó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

4. Ẹ ka mítà méjèèjì pọ̀ nígbà tí ohun èlò ń ṣiṣẹ́. Fólítéèjì tí ẹ kà láàárọ̀ kò wúlò fún kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ kà lọ́sàn-án.

Ohun tí a rí lórí áyọ́ọ̀nù ìyá aránṣọ nìyí: fólítì 225, áńpù 4.5.

R = 225 ÷ 4.5 = 50 Ω
P = 225 × 4.5 = 1012.5 W

Wáàtì 1000 ni wọ́n kọ sí abẹ́ áyọ́ọ̀nù náà. Ohun tí a ṣírò àti ohun tí wọ́n kọ bára mu. Bí irin agbóná rẹ̀ bá ti já ni, mítà ì bá má rí kọ́rẹ́ǹtì kankan.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò. Ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná pátápátá, ẹ yí bọ́tìnnì ooru rẹ̀ síwájú kí síwíìṣì inú rẹ̀ lè pa dé, ẹ yí mítà sí Ω, kí ẹ sì fi okùn kan ẹsẹ̀ méjì tó kéré lára púlọ́ọ̀gì. Ó yẹ kí ẹ rí iye tó sún mọ́ 50. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn kan sí ẹsẹ̀ gígùn, ìyẹn ti ilẹ̀, ẹ fi èkejì kan ẹsẹ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mítà kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Bó bá rí, iná ti ń jò sí ara áyọ́ọ̀nù, ó sì lè gbé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe wọn ìdènà láé lórí ohun tí iná wà nínú rẹ̀.

Nígbà míì, òǹkà méjì tó wà lọ́wọ́ yín lè má jẹ́ V àti I. Ẹ kọ èyí sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù:

- Ẹ mọ V àti R: I = V ÷ R; P = V × V ÷ R
- Ẹ mọ I àti R: V = I × R; P = I × I × R
- Ẹ mọ P àti V: I = P ÷ V; R = V × V ÷ P

Ẹ fi áyọ́ọ̀nù dán wọn wò. 4.5 × 4.5 × 50 jẹ́ 1012.5. 225 × 225 ÷ 50 náà jẹ́ 1012.5. Ọ̀nà tó wọ ọjà pọ̀, ọjà kan náà ni.

"Áàfù kọ́rẹ́ǹtì" ń kọ́?

Nígbà tí gílóòbù bá pọ́n bí ẹyinná, tí fáànù ń wọ́ra yí, ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé wọ́n mú áàfù kọ́rẹ́ǹtì wá. Fólítéèjì ló kọ́kọ́ já wálẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì inú áyọ́ọ̀nù kàn tẹ̀lé e ni. A bá ìyá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a wọn iná ibẹ̀: fólítì 150. Ìdènà áyọ́ọ̀nù kò kúrò ní 50, nítorí irin kan náà ni.

I = 150 ÷ 50 = 3 A
P = 150 × 3 = 450 W

Ẹ wò ó dáadáa. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló lọ nínú fólítéèjì, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì lọ tó lọ nínú agbára. Bí iná bá wálẹ̀ dé 115, tó jẹ́ ìdajì 230, áyọ́ọ̀nù a fa áńpù 2.3, agbára rẹ̀ a sì jẹ́ wáàtì 264.5. Ìdámẹ́rin ohun tó yẹ kó jẹ́ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé fólítéèjì tó dínkù fa kọ́rẹ́ǹtì lọ́wọ́ wálẹ̀, àwọn méjèèjì ni a sì fi ń ṣírò agbára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àdánù náà wọlé. Abájọ tí bùbá kan fi gba ìyá láti àárọ̀.

Àwọn kan rò pé iná tí kò kún kì í jẹ yúníìtì. Yúníìtì kan ni wáàtì 1000 fún wákàtí kan. Omi inú kẹ́tùlù kò mọ̀ pé iná kò kún. Iye ooru tí yóò gbà kí ó tó hó kò yí padà. Bí agbára bá dín sí ìdajì, omi a hó ní ìlọ́po méjì àkókò, a sì tún pàdánù ooru díẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ní gbogbo àkókò tí a fi ń dúró. Owó kan náà ni, ó tilẹ̀ lè fi díẹ̀ jù ú lọ.

Ìdènà tó fara pamọ́

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń gba ilé lọ́wọ́ ìjàmbá iná la dé yìí. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan dára. Ẹ wọn fólítéèjì lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀: ká ní ẹ rí 228. Ẹ so kẹ́tùlù mọ́ ọn, kí ẹ wọn fólítéèjì lẹ́ẹ̀kan sí i ní ihò tó kù lára ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n náà: ẹ rí 220. Kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ áńpù 8.

Fólítì 8 ti sọnù lójú ọ̀nà. Ibo ló lọ? Òfin kan náà ló máa dáhùn:

Ìdènà ojú ọ̀nà = 8 ÷ 8 = 1 Ω
Agbára tó ń sọnù = 8 × 8 = 64 W
Agbára tó dé inú kẹ́tùlù = 220 × 8 = 1760 W

Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí iná àdúgbò fúnra rẹ̀ lè lọ sókè sódò nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n. Bí iye náà bá dúró, wáàtì 64 ń di ooru ní ibì kan láàárín òpó àti kẹ́tùlù. Bí ooru náà bá tàn ká gbogbo gígùn wáyà, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ìdajì rẹ̀ bá kóra jọ sí ojú kan, níbi tí ìdè wáyà ti tú tàbí tí irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀, ẹ ti tan gílóòbù wáàtì 32 sínú ike nìyẹn. Ike á kọ́kọ́ di pupa rúsúrúsú, lẹ́yìn náà dúdú, òórùn rẹ̀ á gba yàrá. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ike rẹ̀. Bó bá gbóná ju bí ara ènìyàn ṣe ń gbóná lọ, ẹ ti rí ibi tí ìdènà fara pamọ́ sí.

Wáyà náà ní tirẹ̀. Wáyà bàbà tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm² ní ìdènà bíi ómù 12 nínú kìlómítà kan. Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n mítà 20 jẹ́ mítà 40 ní lílọ àti bíbọ̀, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ bíi 0.48 Ω. Bí áńpù 10 bá gbà á, fólítì 4.8 ló máa sọnù, wáàtì 48 ló sì máa di ooru. Bí ẹ bá ká ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n náà jọ bí òṣùká lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ooru ọ̀hún kò ní rí ọ̀nà jáde. Ẹ rántí pé I × I ló wà nínú ìṣirò náà: bí kọ́rẹ́ǹtì bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Fíúùsì áńpù 13 tó wà nínú púlọ́ọ̀gì ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kò yẹ kí ó rù ju 13 × 230 lọ, ìyẹn wáàtì 2990. Kẹ́tùlù wáàtì 2000 àti áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000 ti kún un dẹ́nu. Ẹni tó bá wé wáyà mọ́ fíúùsì tó jó, kí iná má baà já mọ́, ti ní kí ilé jó dípò fíúùsì.

Bátìrì àti jẹnẹrétọ̀

Àwọn tó ń lo ínfátà máa ń béèrè ìdí tí wáyà bátìrì fi nípọn bí àtàǹpàkò. Ẹ fi wáàtì 600 ṣírò rẹ̀. Lórí iná ilé, 600 ÷ 230 jẹ́ áńpù 2.6. Lórí bátìrì fólítì 12, 600 ÷ 12 jẹ́ áńpù 50, láìtíì ka ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bí ìdè ẹnu bátìrì bá ní ìdènà 0.01 Ω péré, ooru ibẹ̀ jẹ́ 50 × 50 × 0.01, ìyẹn wáàtì 25. Ìdènà kan náà lórí iná ilé kò ní mú wáàtì 0.1 jáde. Nítorí náà ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ fọ ẹnu bátìrì kí ẹ sì dè é gírígírí. Ìdí kan náà ló mú kí ínfátà ńlá máa lo fólítì 24 tàbí 48: áńpù 50 a di 25, tàbí 12.5.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ ka àmì ara rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwa fúnra wa sọ ní "àì-bẹ́tà-pás-mai-néíbọ̀", wáàtì 650 ni wọ́n kọ. 650 ÷ 220 kò pé áńpù 3. Áyọ́ọ̀nù wa fẹ́ ju áńpù 4 lọ. Ẹ kò nílò láti gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé yóò kú.

Ibi tí òfin yìí kò dé

Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti irin ìsè ń gbọ́ràn sí òfin yìí dáadáa. Àwọn mìíràn kì í gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Gílóòbù onírin àtijọ́, wáàtì 60 ní fólítì 230, ní ìdènà bíi 882 Ω nígbà tó bá ń tàn. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní tútù, ẹ ó rí bí ìdámẹ́wàá rẹ̀, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Gílóòbù náà kò bàjẹ́. Ooru ló ń mú ìdènà irin rẹ̀ ga. Ìdí nìyẹn tí irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ fi sábà máa ń jó ní ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án.

Fíríìjì, ẹ̀rọ fífa omi àti ohun gbogbo tó ní mọ́tọ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Bí fólítéèjì bá já wálẹ̀, mọ́tọ̀ tí ẹrù wà lórí rẹ̀ lè máa fa kọ́rẹ́ǹtì sí i kí ó má baà dúró, wáyà inú rẹ̀ a gbóná títí tí yóò fi jó. Áàfù kọ́rẹ́ǹtì tó kàn fi áyọ́ọ̀nù ṣeré lè pa fíríìjì. Bákan náà, V × I lórí mọ́tọ̀ tàbí gílóòbù LED kì í ṣe wáàtì gan-an. VA (fólítì-áńpù) ni, ó sì máa ń ju wáàtì lọ. Bí wọ́n bá kọ 2.5 kVA (VA 2500) àti 0.8, ìyẹn ìdá VA tó jẹ́ wáàtì gan-an, sí ara jẹnẹrétọ̀, wáàtì 2000 ló ní, kì í ṣe 2500.

Ara ènìyàn náà ní ìdènà

Awọ tó gbẹ ní ìdènà púpọ̀. Bí ọwọ́ bá tutù, ìdènà ara lè já wálẹ̀ sí bíi 1000 Ω. 230 ÷ 1000 jẹ́ áńpù 0.23. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń já iná kíá nígbà tó bá gbé ènìyàn, áńpù 0.03 ni wọ́n ṣètò ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, nítorí ohun tó bá ju ìyẹn lọ lè pani. Ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ, ẹ wọ bàtà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wà nítòsí.

Ìdánrawò

1. Irin ìsè kan ń fa áńpù 4 ní fólítì 220. Kí ni ìdènà àti agbára rẹ̀?
Ìdáhùn: 55 Ω, 880 W.

2. Fólítéèjì wálẹ̀ sí 165. Kí ni agbára irin ìsè náà báyìí?
Ìdáhùn: 165 ÷ 55 = 3 A; 165 × 3 = 495 W.

3. Kẹ́tùlù kan ní àmì 2000 W, 230 V. Áńpù mélòó ni yóò fà?
Ìdáhùn: 8.7 A.

4. Ìyá aránṣọ ra sítébíláísà tó ń sọ fólítì 150 di 225 fún áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Áńpù mélòó ni sítébíláísà ń fà lára wáyà àdúgbò?
Ìdáhùn: Áyọ́ọ̀nù ti padà sí wáàtì 1012.5. Sítébíláísà kò lè dá agbára sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fà á láti ìta: 1012.5 ÷ 150 = 6.75 A, ó kéré tán. Láìsí sítébíláísà, áńpù 3 ni áyọ́ọ̀nù ń fà.

Ẹ má tíì pa ìwé dé lórí ìdáhùn kẹrin. Wáyà tó ti òpó wá ní ìdènà tirẹ̀, àwọn aládùúgbò ìyá náà sì ní sítébíláísà. Bí ilé mẹ́wàá bá ń fa ìlọ́po kọ́rẹ́ǹtì báyìí, fólítì mélòó ni yóò tún sọnù lójú ọ̀nà, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí 150 yẹn? Òǹkà tí ẹ nílò ti wà lọ́wọ́ yín. I × R ni.